Erè tí Àwọn Àna Gbé fún Láníhún

"Èmi tí mo sin àgbò títí ó fi mọ orúkọ rẹ̀, tí mo sin ajá, tí mo sin ẹyẹlé, tí mo tún sin ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ọyẹ́! Ejò wo ló wá kù tí n kò ní lè sìn?"

Ẹnu Láníhún, àgbẹ̀ oníṣu ìlú Ayégùn, ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Ká ní ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà ni, bóyá à bá má ní òwe tí àwọn àgbà ń pa pé, "Ejò tó sọnù, ìdí ààrò ni kí o kọ́kọ́ wò." Àlejò tó bá gbọ́ òwe yìí a máa lanu sílẹ̀ ni. Ta ni í wá ejò kiri? Ẹni tí ejò bá sọnù mọ́ lọ́wọ́, ṣé kì í ṣe kó dúpẹ́, kó sì yára tilẹ̀kùn? Kí sì ni ejò ń wá níbi tí iná ti ń jó? Ẹ fara balẹ̀. Ẹnìkan wá ejò rí, ó wá a tẹkúntẹkún, bí ọ̀ràn náà sì ṣe lọ nìyí.

Láníhún ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Mopélọ́lá, tí gbogbo ilé ń pè ní Mopé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ ń jẹ́ Ṣówándé, ọmọ Ilé Elérè. Ní agbo ilé yìí, wọn kì í pa erè, wọn kì í sì í jẹ ẹ́. Inú ilé ni wọ́n ti ń sìn ín bí ẹlòmíràn ṣe ń sin adìẹ. Wọ́n sì ní àṣà kan. Kí wọ́n tó ru ẹrù ìdána lọ sílé ìyàwó, wọn a kọ́kọ́ gbé ọ̀dọ́ erè kan fún bàbá ọmọ pé kó bá wọn tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ ìdána. Bí wọ́n bá bá a ní àlàáfíà, ó parí, àna ti dé. Bó bá kú tàbí tó sọnù, wọn a yí ẹrù wọn padà. Wọ́n ní ilé tí kò bá lè tọ́jú ohun tí kò lè sọ̀rọ̀, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò ní mọ ìtọ́jú.

Ìyá àgbà Ṣówándé, Ìyá Ayọ̀ká, ló gbé erè náà wá fúnra rẹ̀ nínú agbọ̀n ọlọ́mọrí. Ejò ọ̀hún sanra tó ọmọ odó, ìrù rẹ̀ sì gé lẹ́nu, nítorí ilẹ̀kùn ti gé e nígbà tó ṣì kéré. Ìyá Ayọ̀ká jókòó, ó nasẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀.

"Àna wa, erè kì í ṣe ewúrẹ́. Bó bá jẹ eku kan, ó tó o, ẹ jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Bó bá sì ti jẹun tán, ẹ má gbé e kiri, kó má bàa bì. Ẹ má fi ọwọ́ tó ń rùn eku kàn án o, ọwọ́ yín ló máa rò pé oúnjẹ dé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i tí ojú rẹ̀ funfun bí omi ògì, ẹ má dààmú, àwọ̀ ló fẹ́ bọ́. Kò ní rí ọ̀ọ́kán dáadáa nígbà náà, inú rẹ̀ kì í sì í dùn, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ omi nítòsí. Ó fẹ́ ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ṣókùnkùn, tó sì fún un mọ́ra. Àgbà ọ̀rọ̀ ni ti ọmọrí agbọ̀n yìí. Ẹ máa so ó. Ibi tí orí erè bá gbà, gbogbo ara ló máa gbà á."

Láníhún ń mi orí bí alángbá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ń wò, bóyá àwọn ará àdúgbò ti ń rí i pé erè wọlé òun.

Ìyàwó rẹ̀, ìyá Mopé, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá, omi tí ẹ ní ó fẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé ojoojúmọ́ ni kí a máa—"

"Ìyá Mopé!" Láníhún gbá ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Má dá sí ọ̀rọ̀ ejò. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Tìrẹ ni ọbẹ̀."

Ìyá Ayọ̀ká, tó ti ń sin erè láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá, wo Láníhún, ó wo agbọ̀n, ó fọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Ìgbà náà ni Láníhún wá ń ṣe fáàrí àgbò àti ẹyẹlé tí a kọ́kọ́ gbọ́ yẹn.

Bó ṣe sin àgbò ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sin erè. Ó bù fún un láàárọ̀, ó bù fún un lálẹ́. Eku tó bá kó sí ọwọ́ rẹ̀ kò rí ọjọ́ kejì. Kò pẹ́ tí ikùn erè fi yọ gọnbọ bí àpò èlùbọ́. Inú Láníhún dùn. Ó gbé e kọ́ ọrùn, ó di ìdí ẹmu, níbi tí Ọdẹ́jayì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ, ti ń mu ẹmu.

"Ẹ wo ara! Ẹ wo bó ṣe ń dán!" Láníhún ń yí po bí eégún tó rí owó. "Ta ló tún lè sin ejò báyìí ní Ayégùn?"

Erè lanu. Ó mi ọrùn lẹ́ẹ̀kan. Eku tó jẹ láàárọ̀ jáde wọ̀ọ̀, inú igbá Ọdẹ́jayì ló sì balẹ̀ sí.

Ọdẹ́jayì wo igbá, ó wo eku. "Láníhún," ó ní, "ẹmu tèmi kò tọrọ ẹran."

Láti ọjọ́ náà ni erè ti kọ oúnjẹ. Láìpẹ́, ojú rẹ̀ funfun. Láníhún fò sókè. Ejò àna ti fọ́jú! Ìkìlọ̀ Ìyá Ayọ̀ká ti gba etí kan wọlé, ó ti gba èkejì jáde. Ó wá àdí, ó fi í pa ìka, ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi di eku mú, ó ní òun máa fi kun erè lójú. Erè tí kò ríran dáadáa gbọ́ òórùn eku. Kí Láníhún tó pe "Ọlọ́run", ìka ti wà lẹ́nu ejò.

Ariwo tó pa, àwọn tó wà lóko gbọ́ ọ. Ó wó lulẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọnrangandan.

"Ìyá Mopé, ó ti parí! Oko ìsàlẹ̀, kí ẹ fún Mopé! Agbádá àlàárì mi, ẹ kò gbọdọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ!"

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ ìka náà wò. "Bàbá Mopé, erè kì í lóró. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ ń dí ọ̀nà."

Ó dìde, ṣùgbọ́n ìka ti wú. Kò lè so okùn agbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú sì ń tì í láti bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ọmọrí lé e. "Ejò tó ti fọ́jú," ó sọ fún ara rẹ̀, "níbo ló fẹ́ lọ?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣí agbọ̀n. Ohun tó wà nínú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ní orí bí ejò, ó ní ìrù bí ejò, ṣùgbọ́n ejò kò sí nínú rẹ̀.

Láníhún di orí mú. "Yéè! Ó ti yọ́!"

Ọdẹ́jayì ló ránṣẹ́ sí. Ọdẹ́jayì fi ọ̀pá gbé nǹkan náà sókè. "Kò yọ́. Ó bọ́ aṣọ ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi, igbó ni ejò ti wá, igbó ló padà sí. Gbé àdá, kálọ."

Ìgbà náà gan-an ni ìdààmú wá dé. Ìdána ku ọ̀tunla. Bí Láníhún bá pariwo pé ejò sọnù, gbogbo àdúgbò á yọ àdá, wọ́n á pa á, ìgbéyàwó Mopé á bá a kú. Bí kò bá sì pariwo, ejò á wà níta, àwọn àna á dé, wọ́n á béèrè. Bó ṣe di pé òun àti Ọdẹ́jayì ń já igbó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú nìyẹn. Wọ́n wo inú ihò òkéré. Wọ́n tú ọ̀gán. Wọ́n rin etídò títí ẹsẹ̀ wọn fi hun jọ. Láníhún ń pe ejò bí ó ṣe máa ń pe àgbò: "Máa bọ̀, máa bọ̀, ọmọ dáadáa, máa bọ̀."

Ọdẹ́jayì ní, "Ká ní ejò létí ni, ìwọ gan-an ni ì bá sá fún."

Bó bá délé, kò lè jókòó. Ó ń ká ẹní sókè. Ó ń gbọn fìlà kó tó dé e. Ohun tútù kan kan án lẹ́sẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, ó fa igi yọ, ó lù ú, ó lù ú, kó tó mọ̀ pé okùn ṣòkòtò òun ni. Ìyá Mopé gbọ́ ariwo, ó yọjú.

"Bàbá Mopé, nípa ejò yẹn—"

"Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ẹ ní tèmi ni ọbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

Ìyá Mopé padà sí ilé ìdáná rẹ̀, ó ń kùn sínú.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, Mopé gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ̀. Ó ti di irun, ó kun osùn sẹ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀, kò sì tètè dìde.

"Bàbá mi, ẹ kú wàhálà erè. Mo rí i pé ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá tí agbọ̀n rẹ̀ wà mọ́. Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ó le. Ó le kokooko."

"Ẹ ṣeun, bàbá mi. Bí kì í bá ṣe Ṣówándé, n kò mọ ilé ọkọ mìíràn tí mo fẹ́ lọ. Ọwọ́ yín ni mo wà o."

Láníhún fi òkèlè sẹ́nu. Nígbà tí Mopé jáde, ó gbá àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki àwọ̀ ejò sábẹ́ aṣọ, ó rìn tààrà lọ sílé Ọdẹ́jayì. Àwọn méjèèjì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n mú àwọ̀ tí ejò bọ́ sílẹ̀ náà, wọ́n ki òwú bọ̀ ọ́ nínú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ ikùn. Wọ́n fi kóró iṣin dúdú méjì ṣe ojú fún un.

Ọdẹ́jayì fà sẹ́yìn, ó wò ó. "Ó jọ ọ́," ó ní.

"Ó jọ ejò?"

"Ó jọ ọ́, ìwọ."

Ọjọ́ pé. Ilé Elérè dé tẹrùtẹrù, iṣu, obì, orógbó, oyin, orin ló ń ti orin lẹ́yìn. Láníhún wọ agbádá àlàárì, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń fò nínú agbádá náà bí ọ̀pọ̀lọ́ nínú kèrègbè. Ìyá Ayọ̀ká kò tilẹ̀ tíì jókòó.

"Àna wa, kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kí ọmọ wa."

"Ó ń sùn, Ìyá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ẹ̀yin lẹ sì sọ pé bó bá jẹun tán, kí a má gbé e kiri."

"Ẹ káre, ẹ rántí. N óò kàn fi ojú kí i."

Ó ṣí agbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó na ìka kan, ó tẹ orí ejò. Òwú yọ lẹ́nu rẹ̀ fúù.

Orin dúró. Ìyá Ayọ̀ká fa òwú náà, ó ń gùn sí i.

"Àna wa, ẹ ṣeun. Àwọ̀ rẹ̀ bọ́ dáadáa, kò ya níbì kankan." Ó gbé ojú sókè. "Ẹni tó ni aṣọ yìí dà?"

Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn pé, "Ejò wà nílẹ̀!" Ká tó ṣẹ́jú, kò sí ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n ń sin erè láti ìran dé ìran, tí wọ́n ń fi ejò yangàn káàkiri, àwọn ló kọ́kọ́ gun àpótí. Àbúrò bàbá Ṣówándé wà lórí òkìtì iṣu ìdána, iṣu ń yí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má dá wọn lẹ́jọ́ o, ejò tí èèyàn mọ ibi tó wà yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ̀.

Láníhún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ó ti lọ. Èmi ni mi ò so ọmọrí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Mopé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ru ẹrù yín padà nítorí tèmi. Mo ti wá a dénú igbó. Mo ti wá a dé odò."

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá, Mopé fi ọwọ́ bo ẹnu. Omijé dé ojú rẹ̀, kò bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ wá a dé odò," ni Ìyá Ayọ̀ká wí. "Bí òtútù bá mú ẹ̀yin, ṣé odò lẹ ń sá lọ? Kí ni mo sọ fún yín? Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ṣókùnkùn, tó sì fún un mọ́ra. Ejò tó sọnù, ìdí ààrò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò!"

Gbogbo wọn ya lọ sílé ìdáná. Ìyá Mopé wà níbẹ̀, ó ń ro ọbẹ̀. Kí ó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ, wọ́n ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúnkún ń dun Ìyá Ayọ̀ká, ó jókòó lé àpótí tó wà lẹ́bàá ààrò, ó ń fi ọ̀pá júwe. "Ẹ kó igi yẹn. Ẹ gbé ìkòkò. Rárá, èyí tó fọ́ yẹn, tó wà lẹ́yìn."

Wọ́n fa ìkòkò tó fọ́ yọ lẹ́yìn ìtí igi. Erè wà nínú rẹ̀, ó ká bí òṣùká.

Ayọ̀ ńlá bẹ́. Ṣé Láníhún tó ń sunkún lẹ́ẹ̀kan ló fò sókè yìí? Ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò, ó gbé erè kọ́ ọrùn, ó ń jó.

"Ṣé ẹ rí i! Ta ló sọ pé ó sọnù? Èmi ni mo fi í síbẹ̀! Òtútù ló ń mú un, mo ní kó yá iná! Ẹ wo ara, ẹ wo bó ṣe ń dán!"

Ìyá Ayọ̀ká na ọrùn, ó wo ìsàlẹ̀ ejò náà. "Àna wa, ẹ rọra. Ìrù tiwa gé. Ìrù èyí gún régé." Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. "Èyí kì í ṣe tiwa."

Ijó dúró lórí ẹsẹ̀ kan.

"Ti... ti ta ni?"

"Ti igbó ni."

Erè igbó tí wọ́n jí lójú oorun ti ń lọ́ mọ́ Láníhún lọ́rùn, ó ń fún un díẹ̀díẹ̀. Ojú Láníhún yọ síta. Ọdẹ́jayì, akọni ọdẹ, kò sí nínú ilé ìdáná mọ́; ojú títì ni ohùn rẹ̀ ti ń bọ̀: "Ṣé ó ti gbé e mì?"

"Ẹ má bá a jà," ni Ìyá Ayọ̀ká wí. "Kí ẹnikẹ́ni má fa orí rẹ̀. Bí ẹ bá fa orí, á túbọ̀ fún un. Ìrù la ti ń tú erè. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n níbí?"

Àwọn ọmọ Ilé Elérè ń wo ara wọn. Ṣówándé gbé ẹsẹ̀ kan, àmọ́ Mopé ti kọjá lára rẹ̀. Ó fi eérú ra ọwọ́, ó di ìrù mú, ó ń tú u wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń tú irun ọmọdé. "Ẹ rọra mí, bàbá mi. Ó ku díẹ̀. Ẹ rọra mí." Èkíní tú. Èkejì tú. Láníhún fa èémí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mopé gbé erè náà padà sínú ìkòkò, ó fi ọpọ́n dé e, ó sì jókòó lé ọpọ́n náà.

Ìyá Ayọ̀ká na ọ̀pá sí Mopé. "Ẹni tí mo wá wò nílé yìí, mo ti rí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n àṣà ni àṣà. Erè wa dà?"

Láníhún ń fọwọ́ ra ọrùn, kò rí ohùn. Ìyá Mopé gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú arúgbó.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀."

Ìyá Ayọ̀ká dìde. Ìyá Mopé yí àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú rẹ̀ ni erè Ilé Elérè wà, ara rẹ̀ tuntun ń dán gbinrin, ìrù rẹ̀ gé lẹ́nu, àwo omi kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó wo gbogbo wọn, ó tún gbé e kalẹ̀. Ìyá Ayọ̀ká, ọ̀gá àwọn tó mọ erè, ti jókòó lé e látìgbà tó ti ń fi ọ̀pá júwe.

Wọ́n ṣe ìdána. Mopé lọ sí Ilé Elérè. Títí dòní, bí ará Ayégùn bá rí ẹni tó ń sáré kiri igbó àti odò nítorí ohun tí kò tíì wá nínú ilé ara rẹ̀, tí kò sì tíì bi ẹni tó ń dáná fún un, wọ́n á sọ fún un pé: ejò tó sọnù, ìdí ààrò ni kí o kọ́kọ́ wò.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó rántí òwe. Gbogbo ojú ló wà lára ìyá Mopé, pàápàá ti ọkọ rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà.

"O mọ̀? O mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, o ò sì sọ fún mi?"

Ìyá Mopé ti padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

"Ẹ ní tèmi ni ọbẹ̀," ó ní. "Ó ti jóná."